Omi Aláwọ̀ Ewé àti Májèlé Àjogúnbá

Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí omi tí ó dúró sójú kan: omi adágún, omi odò tí a sé, omi kòtò ọ̀sìn ẹja, àti omi odò tí kò ṣàn mọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Púpọ̀ nínú wa ni ó ti rí i pé irú omi bẹ́ẹ̀ a máa yí àwọ̀ padà nígbà mìíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò dà bí ẹni pé a fọ ewé sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò ki bí ọbẹ̀ ewédú, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí rùn. Kì í ṣe ojú oró ni a ń wí, kì í sì í ṣe òṣíbàtà. Àwọn méjèèjì wọ̀nyẹn ní ewé àti gbòǹgbò tí ojú ń rí. Ohun tí a ń wí yìí kò ní ewé, kò ní gbòǹgbò, ẹyọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ sì kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí lọ.

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn nìyí: kí ni ó dé tí màlúù fi lè mu nínú adágún aláwọ̀ ewé kan tí nǹkan kan kò ṣe é, tí màlúù mìíràn sì lè mu nínú adágún kejì, tí ó jọ ti àkọ́kọ́ bí ìbejì, kí ó sì kú? Bí ẹ bá fi sùúrù bá wa dé òpin, ẹ ó rí i pé ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ogún àti ìran, ọ̀rọ̀ tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ ó sì rí ohun kan tí ó yẹ kí gbogbo ìyá àti bàbá mọ̀ nípa omi sísè.

ÀWỌN WO NI WỌ́N?

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pe àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí ní sayanobakitéríà. Láyé àtijọ́, wọ́n kà wọ́n mọ́ ewéko, nítorí pé wọ́n ní àwọ̀ ewé, tí wọ́n sì ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ ara wọn gẹ́gẹ́ bí ewéko ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní, a rí i pé inú ẹbí àwọn kòkòrò àìfojúrí ni wọ́n wà.

Wọn kì í ṣe àlejò ní ayé. Wọ́n wà nínú àwọn ẹ̀dá tí ó pẹ́ jùlọ lórí ilẹ̀ ayé. Àwọn baba ńlá wọn ni ó kọ́kọ́ ń tú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sílẹ̀, èyí tí àwa ń mí sínú lónìí. Ó ti tó bíi 2,400 mílíọ̀nù ọdún tí ọ́síjìn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ayé. Nítorí náà, kò tọ́ kí a kà gbogbo wọn sí ọ̀tá. Púpọ̀ nínú wọn kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Àwọn kan nínú wọn ni ó ń ṣe májèlé.

Ohun mẹ́rin ni ó máa ń mú kí wọ́n pọ̀ lápọ̀jù: omi tí kò ṣàn, ooru, ìmọ́lẹ̀ oòrùn, àti oúnjẹ. Oúnjẹ wọn ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti náítírójìn, ohun méjì tí ó ń mú kí àgbàdo wa ṣe dáadáa lóko. Bí òjò bá wọ́ ajílẹ̀ láti inú oko, tàbí ìgbẹ́ ẹran, tàbí ìgbẹ́ ènìyàn, lọ sínú adágún, oúnjẹ ni ó gbé lọ fún wọn. Ẹ̀yà kan tí à ń pè ní Microcystis tilẹ̀ ní àpò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ nínú ara rẹ̀, èyí tí ó ń mú un léfòó wá sójú omi láti yá oòrùn. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, yóò kó wọn jọ sí bèbè kan. Bí ó bá sì ṣe pé bèbè náà ni a ti ń pọn omi, tí ẹran sì ti ń mu, ibẹ̀ ni ewu náà pọ̀ sí jùlọ.

OHUN TÍ Ó TI ṢẸLẸ̀

Ní ọdún 1878, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ George Francis kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ń jẹ́ Nature nípa adágún Alexandrina ní gúúsù Australia. Ó ní ìfófòó aláwọ̀ ewé bo ojú omi náà, ó nípọn bí ọ̀dà, àti pé àgùntàn, ẹṣin, ajá àti ẹlẹ́dẹ̀ tí ó mu ún kú. Kò fi ọ̀rọ̀ mọ sí ohun tí ó fi ojú rí. Ó fún àgùntàn kan nínú ìfófòó náà láti fi dán an wò, àgùntàn náà sì kú. Nodularia ni orúkọ ẹ̀yà tí ó wà nínú omi náà.

Ní ọdún 1979, ní erékùṣù Palm Island ní Australia kan náà, omi odò tí a sé fún ìlò àwọn ará ìlú yí àwọ̀ padà. Àwọn aláṣẹ da oògùn tí a fi bàbà ṣe, èyí tí ń jẹ́ kọ́pà sọ́fẹ́ètì, sínú omi náà láti pa ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Oògùn náà ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ènìyàn 148 ni àìsàn dé bá, ọmọdé ni púpọ̀ jùlọ nínú wọn. Wọ́n ń bì, ẹ̀dọ̀ wọn wú, a sì ní láti gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Orí kó wọn yọ, gbogbo wọn ni ara wọn yá. Ìdí tí èyí fi ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí oògùn bẹ́ ara àwọn ẹ̀dá náà, májèlé tí wọ́n fi pamọ́ sínú ara tú jáde sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà.

Èyí tí ó burú jùlọ ṣẹlẹ̀ ní ìlú Caruaru, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Brazil, ní oṣù Èrèlé ọdún 1996. Àwọn aláìsàn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́ ń lọ sí ilé ìwòsàn kan níbi tí ẹ̀rọ ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ a máa lo omi púpọ̀. Ọkọ̀ ni ó ń gbé omi wá láti inú adágún tí ó ń bọ́ ìlú náà, a kò sì fọ omi náà mọ́ bí ó ti yẹ. Nínú aláìsàn 131, 116 ni ìríran wọn dàrú, tí èébì sì mú. Ẹ̀dọ̀ 100 nínú wọn dáṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọdún náà fi máa parí, 76 ti kú, a sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé májèlé inú omi ni ó pa 52 nínú wọn. Ẹni tí ó mu májèlé ní ikùn tí ó lè dínà díẹ̀ fún un. Àwọn aláìsàn wọ̀nyí kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀, nítorí pé tààrà ni májèlé náà bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ wọn.

Kì í ṣe ọ̀ràn ìlú tí kò ní ẹ̀rọ nìkan. Ní oṣù Ògún ọdún 2014, a kìlọ̀ fún bíi ènìyàn 500,000 ní ìlú Toledo àti agbègbè rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n má ṣe mu omi ẹ̀rọ fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí pé májèlé láti inú adágún Erie ti wọ inú rẹ̀. A sì tẹnu mọ́ ọn fún wọn pé kí wọ́n má ṣe sè é, nítorí pé sísè kò ní wúlò. Ní ilẹ̀ Áfíríkà tiwa, ìjọba Botswana kéde ní oṣù Ọ̀wẹ́rẹ̀ ọdún 2020 pé májèlé irú àwọn ẹ̀dá yìí ni ó pa erin tí ó lé ní 300 ní àgbègbè Okavango. Ní Nàìjíríà níbí pẹ̀lú, àwọn olùwádìí tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2009 nípa irú májèlé yìí nínú àwọn kòtò ọ̀sìn ẹja ní Zaria. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀ràn òkèèrè ni.

BÍ MÁJÈLÉ NÁÀ TI RÍ

Oríṣìíríṣìí ni májèlé tí wọ́n ń ṣe. Àwọn kan ń ba iṣan jẹ́, àwọn kan ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Èyí tí a mọ̀ jùlọ ni microcystin, májèlé ẹ̀dọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi í wé ẹ̀gbà ìlẹ̀kẹ̀ kékeré. Ìlẹ̀kẹ̀ méje ni a sín pọ̀, tí a sì so orí okùn pọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ títí ó fi di òrùka. Ní àwọn àyè kan lára rẹ̀, a lè pààrọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ kan fún òmíràn, nítorí náà oríṣi microcystin tí a ti rí lé ní 200.

Nígbà tí májèlé yìí bá dé inú ẹ̀dọ̀, yóò dá àwọn òṣìṣẹ́ kan dúró tí ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ dúró bí ó ti yẹ. Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ kéékèèké tí a fi mọ ara wa, bí ìgbà tí a fi bíríkì mọ ilé. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà bá ti wó, ẹ̀jẹ̀ yóò tú sínú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ yóò wú, ẹran tàbí ènìyàn náà sì lè kú.

Ẹ kíyè sí ohun tí a fẹ́ wí yìí dáadáa. A ti kọ́ wa láti ìgbà pípẹ́ pé kí a máa se omi kí a tó mu ún. Ẹ̀kọ́ rere ni, kí a má ṣe fi í sílẹ̀, nítorí pé ooru ń pa kòkòrò onígbá-méjì àti ti ìgbẹ́ ọ̀rìn. Ṣùgbọ́n májèlé kì í ṣe ohun tí ó ní ẹ̀mí. A kò lè pa ohun tí kò wà láàyè. Òrùka ìlẹ̀kẹ̀ tí a wí yìí le, omi híhó kò já a. Bí a bá gbé omi aláwọ̀ ewé ka iná, àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ yóò kú, ara wọn yóò bẹ́, májèlé wọn yóò sì dà sínú omi tí a fẹ́ mu. Bí omi náà bá sì ti ń gbẹ lórí iná, bẹ́ẹ̀ ni májèlé tí ó kù nínú rẹ̀ ń ki sí i.

AGBO ILÉ ONÍṢẸ́ MẸ́WÀÁ

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè wa nípa adágún méjì. Nínú ara ohun gbogbo tí ó ní ẹ̀mí, ìbáà ṣe ènìyàn, ewúrẹ́, iṣu tàbí kòkòrò àìfojúrí, àkọsílẹ̀ kan wà tí ó fi bí a ó ti mọ ara náà hàn, àti bí yóò ti máa ṣiṣẹ́. Òbí ni ó ń fi àkọsílẹ̀ yìí lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹyọ ìlànà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ni à ń pè ní jíìnì. Nípa jíìnì ni ọmọ fi ń jọ bàbá rẹ̀, òun náà ni ó sì ń mú kí irúgbìn ẹ̀wà so ẹ̀wà tí kò lè so àgbàdo.

Kì í ṣe jíìnì kan ṣoṣo ni ó ń ṣe microcystin. Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ láti Australia àti Jámánì tẹ̀ ẹ́ jáde pé mẹ́wàá ni wọ́n nínú Microcystis, wọ́n sì tò tẹ̀lé ara wọn ní ojú kan. Wọ́n fi ìbẹ̀rẹ̀ ABD òyìnbó sọ wọ́n lórúkọ, láti mcyA títí dé mcyJ. Ẹ fi ojú inú wo agbo ilé kan tí àwọn oníṣẹ́ mẹ́wàá jókòó sí. Èyí a mú ìlẹ̀kẹ̀ kan sín, a nà án sí ẹnì kejì. Èyíinì a sín méjì, a nà án síwájú. Ẹlòmíràn kò sín rárá, títún ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ni iṣẹ́ tirẹ̀. Báyìí ni ẹ̀gbà náà yóò fi pé.

Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan nínú wọn kò bá wá síbi iṣẹ́? Elke Dittmann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ti dán èyí wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1997. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ba ọ̀kan ṣoṣo, mcyB, jẹ́ nínú Microcystis kan. Láti ọjọ́ náà, Microcystis náà kò lè ṣe ẹyọ microcystin kan mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń dàgbà, ó ń bí sí i, ó sì jọ àwọn ìyókù ní gbogbo ọ̀nà.

Ìdáhùn ìbéèrè wa nìyí. Nínú ẹ̀yà kan náà, àwọn ìdílé kan jogún gbogbo jíìnì májèlé náà, àwọn ìdílé kan kò jogún rẹ̀, tàbí kí ohun tí wọ́n jogún ti bàjẹ́. Bí a bá fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò wọ́n, kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Wọ́n tilẹ̀ lè jọ máa gbé inú adágún kan ṣoṣo, kí àwọn onímájèlé pọ̀ jù ní oṣù kan, kí àwọn aláìnímájèlé sì pọ̀ jù ní oṣù kejì. Nítorí náà, adágún tí kò ṣe màlúù ní nǹkan ní èṣí lè pa á ní ọdún yìí. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n. Òórùn kò lè sọ ọ́. Nínú yàrá ìwádìí nìkan ni a ti lè wá jíìnì náà rí nínú ẹ̀kán omi, kí a sì tún wọn ìwọ̀n májèlé tí ó wà nínú omi náà, nítorí pé ẹni tí ó ní irinṣẹ́ lè má ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ gbogbo.

TA NI Ó NI IṢẸ́ NÁÀ NÍ ÌPILẸ̀ṢẸ̀?

Àwọn ẹ̀yà tí ó ń ṣe microcystin ju ẹyọ kan lọ, wọn kò sì jọ gbé ibì kan náà. Báwo ni wọ́n ṣe wá ní iṣẹ́ ọwọ́ kan náà? Ọ̀nà méjì ni ó lè gbà ṣẹlẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí lè fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ wọn ní jíìnì, bí ìgbà tí ènìyàn kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àlejò. Wọ́n sì lè jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ baba ńlá kan, bí ọmọ Àyàn ti ń jogún ìlù.

Anne Rantala àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó wà ní Helsinki ní ilẹ̀ Finland, ṣe ìwádìí rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2004. Wọ́n fi àwọn jíìnì májèlé láti inú onírúurú ẹ̀yà wé ara wọn, wọ́n sì ya ìtàn ìran wọn: ta ni ọmọ ìyá ta, ta ni ìbátan tí ó jìnnà. Wọ́n tún ya ìtàn ìran àwọn jíìnì mìíràn, àwọn tí kò sí ẹ̀dá tí ó lè wà láàyè láìsí wọn. Bí ó bá ṣe pé lọ́dọ̀ àlejò ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ náà, ìtàn méjèèjì kì bá tí bá ara mu. Ṣùgbọ́n wọ́n bá ara mu. Ìtumọ̀ èyí ni pé baba ńlá àtayébáyé ni ó ni iṣẹ́ náà, àti pé púpọ̀ nínú àwọn tí kò ní i lónìí jẹ́ ọmọ tí ó fi iṣẹ́ baba sílẹ̀.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà. Bí a bá dé ibi kan tí kò sí alágbẹ̀dẹ mọ́, ṣùgbọ́n tí a rí ìdàrọ́ nínú ilẹ̀ rẹ̀, a mọ̀ dájú pé a ti rọ irin níbẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nínú ẹ̀yà kan tí ń jẹ́ Planktothrix. Ní ọdún 2008, àwọn olùwádìí tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn tí kò ní májèlé nínú rẹ̀ ṣì ní àjákù jíìnì májèlé nínú ara wọn. Apá tí ó pọ̀ jùlọ ti já sọnù. Ègé díẹ̀ ni ó kù. Ohun tí ó sì fa jíjá náà ni jíìnì alárìnkiri kan, irú èyí tí ń ṣí láti ibì kan sí ibòmíràn nínú àkọsílẹ̀ náà, tí ó sì lè ba ibi tí ó bá bà lé jẹ́.

Iṣẹ́ tí a jogún lè yí padà pẹ̀lú. Májèlé Nodularia, èyí tí ó pa àgùntàn nínú ìròyìn ọdún 1878, ni nodularin. Òrùka ni òun náà, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ márùn-ún ni ó ní dípò méje. Nígbà tí a ka àwọn jíìnì rẹ̀, tí a sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2004, a rí i pé àwọn oníṣẹ́ microcystin kan náà ni, àfi pé a ti yọ apá tí ó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ méjì kúrò. Ọmọ kò fi iṣẹ́ baba sílẹ̀. Ó gé e kúrú ni, ó sì ń pa ẹran síbẹ̀.

KÍ NI WỌ́N Ń FI MÁJÈLÉ NÁÀ ṢE?

Ènìyàn lè rò pé nítorí àwa tàbí nítorí ẹran wa ni wọ́n fi ń ṣe májèlé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn ìran tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí fi hàn pé iṣẹ́ náà ti wà kí ẹranko kankan tó dé ayé. Ohun tí a dá kí ọ̀tá tó dé kò lè jẹ́ nítorí ọ̀tá náà. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ ní Jámánì fi hàn pé microcystin a máa lẹ̀ mọ́ àwọn amúaradàgbà inú ara ẹni tí ó ṣe é nígbà tí oòrùn bá pọ̀ jù, àti pé àwọn tí a ba jíìnì wọn jẹ́ kò lè fara da ìmọ́lẹ̀ líle tó àwọn tí ó ní i. Ó dà bí ẹni pé agbòòrùn ni ó jẹ́ fún wọn, tí ó sì jẹ́ májèlé fún ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ohun tí a dá fún iṣẹ́ kan lè wúlò fún òmíràn. Kòkòrò omi kékeré kan wà tí ń jẹ́ Daphnia, tí ó ń jẹ àwọn ẹ̀dá aláwọ̀ ewé wọ̀nyí. Ní adágún Constance, láàárín Jámánì, Switzerland àti Austria, ẹ̀gbin ìlú àti ajílẹ̀ pọ̀ sí i nínú omi láti nǹkan bíi ọdún 1960 lọ sí 1980, àwọn sayanobakitéríà sì pọ̀ sí i pẹ̀lú. Ẹyin Daphnia a máa sùn sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún fún ọ̀pọ̀ ọdún láìkú. Àwọn onímọ̀ gbẹ́ ẹrẹ̀ náà, wọ́n pa ẹyin àtijọ́ àti ẹyin tuntun, wọ́n sì fi oúnjẹ onímájèlé bọ́ wọn. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1999: àwọn ọmọ ẹyin ìgbà tí omi ṣì mọ́ kò lè fara da oúnjẹ náà, àwọn ọmọ ẹyin ìgbà ẹ̀gbin sì fara dà á ju tiwọn lọ. Láàárín ọdún díẹ̀, ìran Daphnia ti yí padà, nítorí pé àwọn tí kò lè fara dà á kú láìbímọ tó, àwọn tí ó lè fara dà á sì ni ó bí èyí tí ó pọ̀.

Bí ìran ti ń yí padà nìyẹn. Kòkòrò tí ó ń bímọ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọdún kan lè yí padà kánkán. Àwa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ènìyàn kì í dúró de ogójì ìran kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tó mọ́ májèlé lára. Ọgbọ́n orí ni Ọlọ́run fi dípò rẹ̀ fún wa, òun ni kí a sì lò. Àwọn ará etí adágún Constance lò ó: wọ́n dí ọ̀nà ẹ̀gbin, wọ́n ń fọ omi ìdọ̀tí kí ó tó wọ adágún, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú omi náà sì ti lọ sílẹ̀ gidigidi láti nǹkan bíi ọdún 1980 wá.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

1. Bí omi bá ti yí padà sí àwọ̀ ewé, tí ìfófòó sì bò ó lójú, ẹ kà á sí onímájèlé títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má ṣe fi ẹran ọlọ́ràn kan dán an wò.

2. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀lé sísè fún irú omi bẹ́ẹ̀. Ẹ wá omi kànga tí a bò dáadáa, omi ẹ̀rọ tàbí omi òjò tí a gbè mọ́, kí ẹ sì máa se omi wọ̀nyí bí a ti kọ́ yín.

3. Ẹ má ṣe da oògùn apakòkòrò sínú omi tí ènìyàn tàbí ẹran yóò mu láìpẹ́. Ẹ rántí àwọn ọmọ Palm Island.

4. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọdé wẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ da ẹran ọ̀sìn yín gba ọ̀nà ibòmíràn, pàápàá kúrò ní bèbè tí afẹ́fẹ́ ń kó ìfófòó náà lọ.

5. Bí ẹ bá mú ẹja nínú irú omi bẹ́ẹ̀, ẹ kó gbogbo ìfun àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sọnù, kí ẹ sì fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́. Inú ẹ̀dọ̀ ni májèlé a máa kó sí.

6. Ẹni tí ó bá mu ún, tí ó sì ń bì tàbí tí inú ń run ún, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí a sì sọ irú omi tí ó mu fún dókítà.

7. Ẹ má ṣe ya ìgbẹ́ sí etí odò, ẹ má ṣe so ẹran mọ́ bèbè rẹ̀, ẹ má sì ṣe da ajílẹ̀ sóko nígbà tí òjò ńlá ti ṣú. Ẹ fi igbó àti koríko sílẹ̀ ní etí omi kí ó lè máa gba ohun tí òjò bá wọ́ wá. Èyí ni ó ṣe pàtàkì jùlọ, nítorí pé jíìnì májèlé kò sí ní ìkáwọ́ wa, ṣùgbọ́n oúnjẹ ẹni tí ó ni ín wà ní ìkáwọ́ wa.

Ìwọ̀n májèlé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà láàyè nínú omi tí ènìyàn yóò máa mu lójoojúmọ́ kéré púpọ̀. Bí a bá pín gíráàmù kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ ìpín kan ṣoṣo ni lítà omi kan gbọdọ̀ ní nínú microcystin. Kò sí ahọ́n tí ó lè tọ́ irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ wò.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ILÉ ÌKÀWÉ

Kí ẹni tí ó mọ ìwé ka ẹ̀kọ́ yìí sókè fún àwọn ìyókù, kí gbogbo yín sì jọ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí.

1. Kí ni ó dé tí omi sísè fi ń gbà wá lọ́wọ́ onígbá-méjì, tí kò sì lè gbà wá lọ́wọ́ microcystin?

2. Adágún méjì jọ ara wọn. Ọ̀kan ní májèlé, èkejì kò ní. Ẹ fi ọ̀rọ̀ agbo ilé oníṣẹ́ mẹ́wàá ṣàlàyé rẹ̀.

3. Ìdàrọ́ wo ni ó wà nínú ara Planktothrix, kí ni ó sì ń jẹ́rìí sí?

4. Àwọn omi wo ni ó dúró sójú kan ní àgbègbè yín? Kí ni òjò ń wọ́ lọ sínú wọn, ta ni ó sì ń mu nínú wọn?

5. Kí ni ẹ lè ṣe kí ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀ tó dé?

Bí ẹ bá ti dáhùn ìbéèrè kẹrin, kí ẹ jọ dìde lọ wo àwọn omi náà ní àpapọ̀, tàgbà tèwe.